Ohùn ń já tá-tá-tá nínú FL Studio, bẹ́ẹ̀ CPU kò tíì dé ìdajì

Gbohùngbohùn_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní sítúdíò kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn onílù ni mo sábà máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí jẹ́ orin ìyìn mẹ́fà fún ẹgbẹ́ akọrin kan. Wọ́n fẹ́ kí dùndún wà nínú gbogbo rẹ̀, ìyáàlù, gángan àti omele, wọ́n sì fẹ́ gbé e jáde kí ìkórè wọn tó dé.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Tí mo bá ń tẹ orin nínú FL Studio, ètò tí mo fi ń ṣe orin, ohùn á máa já: á dún tá, tá-tá, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹsẹ orin á lọ geere, àmọ́ bí ègbè bá ti wọlé báyìí, gbogbo rẹ̀ á fọ́ yángá. Yàtọ̀ síyẹn, bàbá tó ń lu ìyáàlù sọ fún mi pé òun ò lè bá orin náà lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ni pé, "Ìlù mi ń dá mi lóhùn lẹ́yìn." Wọ́n bọ́ headphone sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò lò ó mọ́. Èyí tó tún wá dá kún un ni pé ó máa ń burú sí i tá a bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Láàárọ̀, nǹkan á rọgbọ díẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, kò ní ṣeé gbọ́ sétí mọ́.

Láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ Core i7, RAM 16 GB, SSD 512 GB, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. FL Studio 21 ni mò ń lò pẹ̀lú interface USB oníhò méjì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì wọ kọ̀ǹpútà. Buffer, ìyẹn ìwọ̀n ìdì ohùn tí kọ̀ǹpútà ń dì lẹ́ẹ̀kan, wà ní 256. Sample rate, ìyẹn iye ìgbà tó ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wà ní 96,000. Nínú Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà hàn, CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kì í kọjá 25%. Ti inú FL Studio fúnra rẹ̀ máa ń wà láàárín 40 sí 60. RAM kò tíì kún dé ìdajì.

Ẹnì kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní kí n lọ ra tuntun. Owó tó dá lé e ju gbogbo owó tí wọ́n máa san fún mi lórí iṣẹ́ yìí lọ. Mi ò fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀ láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là mí lọ́yẹ̀.

Beat_Ṣàgámù

Bọ̀ọ̀dá, gbé buffer lọ sí 1024, sọ sample rate di 44,100, ó parí. Tó bá ṣì ń já, lo ASIO4ALL, ètò tó ń gbé ohùn dé ẹ̀rọ. Òun ni èmi ń lò, kò yọ mí lẹ́nu rí.

AdùnOhùn

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Má tíì ra láptọ́ọ̀pù kankan. Ó máa ń dùn mí púpọ̀ tí wọ́n bá sọ fún ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ pé owó ni oògùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn tó orin mẹ́fà ṣe dáadáa.

Mo fara balẹ̀ ka ohun tí o kọ. Ọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, orúkọ kan náà lo sì fún gbogbo wọn. Ìyẹn ni àtúnṣe kan kò ṣe lè yanjú ẹ̀. Ẹni tó ní kí o gbé buffer lọ sí 1024 kò parọ́, ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gbé e lọ síbẹ̀ kí o wo bí bàbá onílù ṣe máa gbé ìlù wọn lọ sílé.

Kọ́kọ́ ṣe èyí ná. Mú èyí tó ń fọ́ jù nínú àwọn orin náà, kí o kó o jáde sí WAV, ìyẹn fáìlì ohùn lásán, Ctrl+R ni wàá tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ti FL Studio pa, kí o fi ohun tí o fi ń gbọ́ orin lásán tẹ fáìlì náà. Bí WAV yẹn bá mọ́ tónítóní, iṣẹ́ rẹ kò ní àbùkù kankan, kọ̀ǹpútà ni kò bá àkókò pé nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ fún ọ. Tó bá ń kó orin jáde, kò sẹ́ni tó ń kán an lójú, ó lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe orin ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sí ohun tó máa já níbẹ̀. Àmọ́ bí tá-tá yẹn bá wà nínú WAV, ìgbà tí o ń gba ohùn sílẹ̀ ló wọlé, ibẹ̀ la sì máa wá a sí. Wo mixer náà, ibi tí gbogbo ohùn ti ń pàdé, bóyá iná Master, ibi tí gbogbo wọn ń gbà jáde, ń pọ́n. Ohùn tó bá kọjá 0 dB nígbà tí o ń kó o jáde máa ń fọ́ pẹ̀lú, ìyẹn kò sì kan kọ̀ǹpútà rárá.

Jẹ́ kí n wá sọ bí buffer ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa fà á sókè fà á sílẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí headphone ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìdì-ìdì ló ń dì í. Tí sample rate bá jẹ́ 44,100, sample, ìyẹn ẹyọ ìwọ̀n ohùn, tó wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ 44,100. Ìdì tó jẹ́ 512 máa ń gba nǹkan bí 11.6 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ohun tí wọ́n ń kọ ní ms. Nínú 11.6 ms yẹn, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ti ṣe ìdì tó kàn parí, gbogbo plugin rẹ pátá, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn nínú FL Studio. Bí àmù omi ló rí, tí wọ́n ń bu omi nínú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, tí ọmọ kan sì ń pọn omi sí i láti odò. Ọmọ náà lè lágbára gan-an. Bí ẹnì kan bá sáà dá a dúró lọ́nà kí ó jíṣẹ́ fún un, tí àmù sì kéré, omi á tán kó tó dé. Tá tí ò ń gbọ́ yẹn, ìgbà tí àmù gbẹ ni. Tẹ F10, lọ sí Audio, wàá rí ibi tí wọ́n kọ Underruns sí. Iye ìgbà tó gbẹ ló ń kà fún ọ.

Ohun tó sì mú kí 25% inú Task Manager máa tan èèyàn nìyẹn. Ó ń kó iṣẹ́ gbogbo core, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú CPU, pọ̀, ó ń fún ọ ní ìpíndọ́gba. Àmọ́ gbogbo plugin tó tò tẹ̀ léra lórí track kan, ìyẹn ọ̀nà tí ohùn kan ń gbà, nínú mixer, core kan ṣoṣo ló ń ṣe wọ́n, torí ìkejì kò lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìkíní kò tíì parí. Track tó bá sì ń gba ohùn láti ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn gbọ́dọ̀ dúró dè wọ́n. Bí core kan bá ń làágùn tí méje jókòó, Task Manager á ní àlàáfíà wà. Máa wo ti inú FL Studio, kí o sì ṣí Plugin performance monitor nínú View, á fi hàn ọ́ plugin tó ń jẹ agbára jù.

Ọ̀rọ̀ 96,000 yẹn wá kàn. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ohùn tí wọ́n gbà ní 48,000 lè gbé ìró tó ga dé 24,000 Hz. Etí ọmọ tuntun pàápàá kò gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000, ti àwa tá a ti ń jókòó níwájú ẹ̀rọ tipẹ́ kò tiẹ̀ débẹ̀. Saworo ìyáàlù máa dún kedere ní 48,000, má fòyà. Ohun tí 96,000 ń ṣe fún ọ ni pé ó sọ iṣẹ́ plugin kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, ó sì mú kí buffer 256 rẹ jẹ́ 2.7 ms péré. Àmù rẹ kò ju ife kan lọ, àbúrò. Gbé e wá sí 48,000. Ohun tí o ti gbà tẹ́lẹ̀ kò ní bàjẹ́, FL Studio á ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti yà mí lẹ́nu ni ti bàbá onílù. Ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú mi. 2.7 ms ni ohùn fi wọlé, 2.7 ms ló fi jáde, ká fi ohun tí interface fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un, kò yẹ kó ju 10 ms lọ púpọ̀. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni pé 10 ms kò ju mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Lójú agbo, omele máa ń jìnnà sí ìyáàlù tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í ṣi ara wọn gbọ́. Nítorí náà, kì í ṣe buffer rẹ ni bàbá ń ráhùn nípa rẹ̀. Ohun mìíràn ló ń dá ohùn wọn dúró. Kí lo fi sórí Master? Bí EQ linear phase, èyí tó ń tún ìró gíga àti ìró ìsàlẹ̀ ṣe, bá wà níbẹ̀, tàbí limiter, èyí tí kì í jẹ́ kí ohùn ga jù, tó ń wo iwájú kó tó fọwọ́ kan ohùn, tàbí èyí tó ń yọ ariwo kúrò, wọn kò lè ṣiṣẹ́ láìdá ohùn dúró ná. Bí ọ̀kan bá dá a dúró fún sample 4,096 ní 96,000, ó ti tó 43 ms. Ìyẹn ju mítà mẹ́rìnlá lọ. Ta ló lè lùlù bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ pé ó ń burú sí i lọ́sàn-án ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń pa fáànù àti AC tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn kí máìkì má baà gbé ariwo wọn? Gbogbo wa la máa ń ṣe é. Yàrá á gbóná, láptọ́ọ̀pù á gbóná, á wá dín eré rẹ̀ kù kó má baà jó. Lọ sí Task Manager, Performance, CPU, máa wo ibi tí wọ́n kọ Speed sí, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀, kí o tún kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Tún kíyè sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá múná lọ. Láptọ́ọ̀pù tó bá bọ́ sórí bátìrì sábà máa ń rọra rìn, àyàfi tí o bá yí i padà nínú Power.

Ohun ìkẹyìn tí mo fẹ́ kí o dán wò: ṣí project tuntun, ìyẹn fáìlì iṣẹ́ FL Studio, tí kò ní ju ohùn kan lọ nínú. Bí tá-tá bá ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, plugin kọ́ ló fà á. Wá ètò kan tó ń jẹ́ LatencyMon, ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ilé, kí o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Ó ń wo àwọn driver inú Windows, ìyẹn ètò tó ń bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, èyí tó ń gba CPU mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kí o pa Wi-Fi, kí o tún ṣe é. Sọ ohun tí o bá rí fún wa níbí.

Ọmọ_Àyàn

Ẹ̀gbọ́n AdùnOhùn ti sọ gbogbo rẹ̀. Onílù lèmi, ìdílé wa ló ni ín, mo sì tún ń gba ohùn sílẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ nínú ara bàbá yẹn.

Ìyáàlù kì í kàn dún, ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ọwọ́ kan ń fún ọsán, ọwọ́ kejì ń fi kọ̀ǹgọ́ sọ ọ́, etí ló sì ń sọ fún ọwọ́ ibi tó máa fún un dé. Bí etí bá gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò níbẹ̀, ọwọ́ á dúró dè é. Onílù á máa falẹ̀ láìmọ̀, o máa rò pé kò mọ ìlù lù. Ó ti ṣẹlẹ̀ níṣojú mi sí àgbà onílù tí gbogbo ìlú ń wárí fún, wọ́n ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé metronome, ohun tó ń ka àkókò orin. Ó dùn mí títí di òní.

Ẹ wo ara interface yín, ọ̀gá mi, bóyá bọ́tìnnì tàbí kọ́rọ́ kan wà tí wọ́n kọ Direct Monitor sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ohùn máìkì á gba inú interface lọ sí headphone tààrà, kò ní dé kọ̀ǹpútà rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé ohùn máìkì yẹn kò jáde mọ́ látinú FL Studio, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ onílù á máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí bàbá bá fẹ́ bọ́ etí headphone kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ ọ, àmọ́ ẹ pa ohùn etí yẹn kí ó má baà wọ máìkì.

Gbohùngbohùn_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun, Ọmọ Àyàn. Mo ti ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe.

WAV mọ́ kedere, kò sí tá kankan nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi tí mo fi pe adarí akọrin lórí fóònù.

Nínú project tuntun, tá-tá ṣì wà, kò pọ̀ ṣùgbọ́n ó wà. LatencyMon pọ́n. Orúkọ tó wà lókè pátápátá ni ndis.sys. Mo pa Wi-Fi, mo tún ṣe é, ó di àwọ̀ ewé, tá-tá sì dáwọ́ dúró.

Lórí Master, EQ linear phase wà níbẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú multiband, èyí tó ń tẹ ìró gíga àti ìró ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti limiter. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní kí wọ́n máa wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí orin lè dún bí ó ṣe máa dún níkẹyìn. Mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí ọmọ kan lu gángan sí máìkì, ó ní òun ń gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Ti ooru náà rí bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ Speed wà ní nǹkan bíi 3.4 GHz, lọ́sàn-án tí a ti pa fáànù, ó wálẹ̀ sí 1.1.

Èyí tó kù ni ègbè. Ó ṣì ń fọ́ bí gbogbo ohùn bá wọlé lẹ́ẹ̀kan. Plugin performance monitor fi hàn pé plugin tó ń tún ohùn ṣe, èyí tó ń mú kí orin wà lójú ohùn tó tọ́, ló ń jẹ agbára jù. Ó wà lórí gbogbo track akọrin, reverb, èyí tó ń mú kí ohùn dún bíi ti inú gbọ̀ngàn, náà sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

AdùnOhùn

O ṣe é dáadáa. Báyìí la mọ ibi tí a wà.

Ti Wi-Fi: ndis.sys kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ gan-an, ọ̀nà tí Windows fi ń bá gbogbo ohun tó jẹ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì sọ̀rọ̀ ni. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà lókè, driver Wi-Fi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sábà máa ń dá CPU dúró. Lọ sí ojú ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù rẹ, wá nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù náà gan-an, kí o mú driver Wi-Fi tó jẹ́ tuntun jù níbẹ̀. Kí o tó ṣe ìyẹn, nígbàkigbà tí o bá fẹ́ gba ohùn, lọ sí Device Manager kí o fi Disable pa adapter Wi-Fi náà. Airplane mode nìkan kì í tó nígbà mìíràn, driver á ṣì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ti ooru: gbé láptọ́ọ̀pù kúrò lórí aṣọ tàbí tìmùtìmù, fi nǹkan gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì bá ọ gbá eruku inú fáànù rẹ̀. Eruku Ìbàdàn lásìkò ọyẹ́ kì í ṣe eré. Máa tan fáànù yàrá láàárín ìgbà tí onílù bá ń sinmi. Ohun kan tún wà tí mo máa ń ṣe: nínú Power Options, níbi Processor power management, mo máa ń fi Maximum processor state sí 99%. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, èyí máa ń pa turbo. CPU kò ní sáré dé òkè pátápátá mọ́, ṣùgbọ́n á dúró sójú kan, kò sì ní tètè gbóná. Fún ohùn, eré tó dúró sójú kan dára ju eré tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ.

Ti ègbè wá ni mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Plugin tó ń tún ojú ohùn ṣe yẹn, tí o bá ti fi ṣe iṣẹ́ tán lórí ohùn kan, kí ló tún ń ṣe níbẹ̀? Ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìgbà tí o bá tẹ orin. Tọ́jú ohùn àkọ́kọ́ sínú fódà kan, wá kó èyí tó ti tọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ohùn tuntun, Consolidate ni FL Studio ń pè é nínú Playlist. Fi èyí tuntun sípò rẹ̀, kí o yọ plugin. Ohùn náà kò ní yí padà, iṣẹ́ sì ti kúrò lórí CPU.

Reverb ní tirẹ̀: ẹgbẹ́ akọrin kan tó dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Mú track mixer kan, fi reverb kan sórí rẹ̀, kí gbogbo ohùn máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Sópíránò lè fi púpọ̀ ránṣẹ́, báásì kí ó fi díẹ̀ ránṣẹ́. Yàtọ̀ sí pé ó fúyẹ́, á tún dún bí èèyàn tó wà pọ̀ lójú kan. Mo ti gbọ́ orin ẹgbẹ́ akọrin tí ohùn kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, bí ẹni pé wọ́n pín wọn kiri ìgboro. Kò bójú mu fún orin ìyìn.

Tí o bá fẹ́ gba dùndún báyìí, má ṣe gbà á lórí project ńlá yẹn rárá. Kó gbogbo orin jáde sí WAV kan láti ìlà àkọ́kọ́, ṣí project tuntun ní tempo, ìyẹn ìyára orin, kan náà, fi WAV náà síbẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, gba ìlù lé e lórí. Project náà á fúyẹ́ débi pé o lè gbé buffer wá sí 128 láìsí tá kankan. Tí o bá parí, kó ohùn ìlù padà sínú project ńlá, láti ìlà àkọ́kọ́ náà. Nígbà tí o bá wá ń ṣe mixing, ìyẹn pípa gbogbo ohùn pọ̀, gbé buffer lọ sí 1024 tí ọmọ Ṣàgámù sọ. Kò sẹ́ni tó ń lùlù nígbà yẹn, kò sóhun tó máa dá ẹnikẹ́ni lóhùn lẹ́yìn. Limiter àti EQ rẹ náà lè padà sórí Master nígbà náà.

Beat_Ṣàgámù

Ó yé mi báyìí, mà. Ṣùgbọ́n ASIO4ALL ńkọ́? Kò dáa ni?

AdùnOhùn

Ó dáa fún ẹni tí a ṣe é fún. ASIO jẹ́ ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì là sílẹ̀ kí ohùn má baà gba gbogbo ìpele inú Windows kó tó dé ẹ̀rọ. Bí interface rẹ bá ní driver ASIO tirẹ̀, òun ni kí o lò, torí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ló mọ inú rẹ̀. ASIO4ALL wà fún ẹni tí kò ní irú driver bẹ́ẹ̀, tó ń lo ihò headphone ara láptọ́ọ̀pù. Ó ń bá driver lásán tó wà nínú Windows sọ̀rọ̀, ó ń ṣe bí ASIO fún sọ́fítíwíà orin. Tí ìwọ kò bá ní interface, máa lò ó, kò sí àbùkù níbẹ̀. Àbúrò Mọ́kọ́lá ní interface, ti tirẹ̀ ni kó fi síbẹ̀.

Dùrù_Èkìtì

Ẹ dákun, ọ̀kan tó jọ ọ́. Tèmi kì í já nígbà tí orin ń lọ. Ìgbà tí orin bá ti parí, tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́, ni CPU á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Plugin reverb àtijọ́ kan ni mò ń lò, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohùn kan tún máa ń dún hùùù nínú spíkà mi tí mo bá ti ki ṣájà láptọ́ọ̀pù bọ iná.

Ọmọ_Àyàn

Ẹ̀gbọ́n ti ṣiṣẹ́ tó lónìí, ẹ jẹ́ kí n bá wọn dáhùn èyí. Tí reverb bá ń kú lọ, àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ á máa kéré sí i, á kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo ṣùgbọ́n kò tíì jẹ́ òdo. CPU máa ń pẹ́ gan-an lórí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ plugin tuntun máa ń sọ wọ́n di òdo, àwọn ti àtijọ́ kan kì í ṣe é. Ẹ lọ sí F10, Audio, ẹ wo Smart disable. Á máa pa plugin tí ohùn kò bá sí nínú rẹ̀ mọ́. Tí kò bá gbọ́, ẹ fi ohun tó ń mú ariwo díẹ̀ wá ṣáájú reverb náà, kó rẹlẹ̀ débi tí etí kò ní gbọ́ ọ, nọ́ńbà yẹn kò ní lè kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Hùùù yẹn kì í ṣe ọ̀ràn kọ̀ǹpútà tó ń pẹ́. Iná ni. Iná tiwa jẹ́ 50 Hz, ohùn rẹ̀ nìyẹn tó ń gba ara wáyà wọlé. Tẹ́ ẹ bá yọ ṣájà tó dáwọ́ dúró, ẹ ki láptọ́ọ̀pù àti spíkà bọ ìlà iná kan náà, kí ẹ sì lo wáyà balanced, èyí tó ń dènà ariwo bẹ́ẹ̀, láti interface dé spíkà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì yín o, ẹsẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bo ẹ̀mí.

Gbohùngbohùn_Mọ́kọ́lá

Bàbá padà wá lánàá. Mo ti kó orin jáde sí WAV, mo ṣí project tuntun ní 48,000, buffer 128, Wi-Fi wà ní Disable, Direct Monitor wà ní títàn. Wọ́n lu orin àkọ́kọ́ já, wọ́n ní kí n má pa á, wọ́n tún fi oríkì ìjọ náà kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Underruns dúró sí òdo látòkèdélẹ̀. Orin mẹ́rin la gbà tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Tí mo bá ti pa Wi-Fi, plugin kan máa ń ní òun fẹ́ yẹ ìwé àṣẹ òun wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á wá kọ̀ láti ṣí. Kí ni kí n ṣe?

AdùnOhùn

Inú mi dùn gidigidi, àbúrò. Bá mi kí bàbá.

Ti plugin yẹn: ṣí project náà nígbà tí Wi-Fi ṣì wà, jẹ́ kó yẹ ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí o wá pa Wi-Fi. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tún béèrè mọ́ títí tí o fi máa ti project pa. Tí èyí kò bá gba bẹ́ẹ̀, wá wáyà nẹ́tíwọ̀kì lásán, tàbí kí o fi okùn USB so fóònù rẹ mọ́ láptọ́ọ̀pù fún ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n má ṣe so ó mọ́ hub, ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, kan náà pẹ̀lú interface, fún interface ní ihò tirẹ̀ lára láptọ́ọ̀pù. Nígbà tí driver Wi-Fi tuntun bá wọlé, tún jẹ́ kí LatencyMon yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí o má nílò láti pa á mọ́.